Ṣé The Last of Us nílò apá kẹta, àbí kí n tiẹ̀ fi apá kejì sílẹ̀?

ỌmọOuando · Ọjọ́ Ẹtì, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ gbogbo ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Libreville fi PS3 kan, ẹ̀rọ géèmù, sílẹ̀ fún wa nígbà tó ń lọ, àtìgbà yẹn bọ́ọ̀lù nìkan la fi ń gbá lórí ẹ̀. Oṣù tó kọjá ni èmi àti àbúrò mi obìnrin ń tú àpótí dísìkì ẹ̀, a bá rí géèmù kan, The Last of Us, a ní ká dán an wò, bí oorun ṣe kúrò lójú wa nìyẹn. Ọjọ́ mọ́kànlá la fi parí ẹ̀, ìyẹn tí iná bá wà. Mo mọ̀ pé 2013 ló jáde, gbogbo ayé ti ṣe é tán, èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, ẹ forí jì mí.

Ìparí yẹn ni ò jẹ́ kí n gbádùn. Joel, ọkùnrin tí à ń fi ṣeré, gbé Ellie, ọmọbìnrin tí àrùn tó ba ayé jẹ́ ò ràn, jáde ní ọsibítù àwọn Fireflies, àwọn tó fẹ́ fi ara ẹ̀ wá oògùn, ó pa gbogbo ẹni tó dúró lọ́nà, ó wá purọ́ fún un pé àwọn Fireflies ò wá oògùn mọ́. Ellie ní kó búra fóun. Ó búra. Ọmọ náà wò ó lójú, ó ní "Ó dáa." Ó tán. Ojú télé di dúdú. Àbúrò mi ní Ellie mọ̀ pé irọ́ ni, èmi ní kò mọ̀, a ṣì ń jà lé e lórí títí di àárọ̀ yìí, àkàrà tó ń dín ti ń jóná.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá nìyí: bọ̀ọ̀dá kan ládùúgbò wa fẹ́ ta PS4 ẹ̀ pẹ̀lú apá kejì, ẹgbẹ̀rún 85 sẹ́fà. Owó wà lọ́wọ́ mi, owó tí mo ń tọ́jú láti fi gba pẹ́ẹ̀mì mọ́tò, ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Lójú tèmi ìtàn yẹn parí síbi "ó dáa" yẹn, tí wọ́n bá tún wá ń ṣàlàyé, omi ni wọ́n ń bù sọ́bẹ̀ tó ti jinná. Mo sì ń gbọ́ pé àwọn kan tún ń pariwo apá kẹta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, ṣé ó nílò ẹ̀? Ṣé kí n ra èyí? Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ yín: ẹ má sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìkejì fún mi. Mi ò mọ nǹkan kan, mo sì fẹ́ wà bẹ́ẹ̀.

FofoSálà · 9:31 alẹ́

Ra PS4 yẹn. Mànẹ́ẹ̀tì, ohun tí à ń dì mú fi ṣeré, mélòó ló wà pẹ̀lú ẹ̀? Tó bá jẹ́ méjì, lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀ lóru yìí kó tó yí ọkàn padà. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ní sálà géèmù, mi ò mọ̀ nípa ìtàn, ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sí ọmọ tó ń sanwó wákàtí kan kó lè wá wo bàbá onírùngbọ̀n tó ń sunkún. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá. Tí ìtàn yẹn ò bá dùn mọ́ ẹ, gbé e síwájú ilé, àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì á dá owó pẹ́ẹ̀mì ẹ padà fún ẹ kí ọdún tó yí po.

Ìdènà_Kétu · 10:02 alẹ́

Fofo ẹ rọra o, kì í ṣe gbogbo nǹkan là ń fi owó wọ̀n.

Àbúrò, kú oríire. Èmi ṣe apá kìíní lórí PS4, ẹ̀dà tí wọ́n tún ṣe ní 2014, mo wá ṣe ìkejì ní 2020 nígbà tí Kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé. Mi ò ní sọ ohun tó wà níbẹ̀. Ohun tí màá sọ fún ẹ ni pé, ìwọ ń bẹ̀rù kí wọ́n má lọ ṣàlàyé "ó dáa" yẹn. Wọn ò ṣàlàyé ẹ̀. Gbèsè ni Joel jẹ lọ́jọ́ yẹn, apá kejì ló wá gba owó náà, gbogbo owó náà ló sì gbà, tèlé-tèlé.

Ṣó o ti wo òru Èfẹ̀ rí ní Kétu wa ńbí? Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ṣé Èfẹ̀ nílò kó tún jáde lọ́dún yìí, ṣebí ó jáde léṣìí ó sì dùn. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ a jáde, orí igi kan náà, wọ́n á tún ọ̀dà ẹ̀ kùn, ó tán. Àmọ́ tó bá la ẹnu tó jẹ́ orin èṣí ló gbé wá, àwọn ìyá á ká aṣọ wọn á lọ sílé. Orin tuntun la jókòó sí òtútù dè, orin tó máa bú ẹni tó yẹ ká bú lọ́dún yìí. Ohun tí apá kejì ṣe fún mi nìyẹn, àfi pé èmi tí mo di mànẹ́ẹ̀tì mú ló bú. Inú bí mi débi pé mo pa á, mo gbé páálí ẹ̀ sórí kọ́bọ́ọ̀dù fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin mo gùn àga lọ gbé e.

Ó gùn o. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́, ibì kan sì wà láàárín tí èmi fúnra mi ní "ẹ ti sọ èyí fún mi, ẹ jẹ́ ká lọ". Mi ò ní parọ́ pé gbogbo ẹ̀ ló dùn bákan náà.

ÒkèṢábẹ · 10:20 alẹ́

Àǹtí ẹ má tan ọmọ ọlọ́mọ. Orin tuntun wo? Kò ì tó wákàtí mẹ́ta tí wọ́n ti fi igi gọ́ọ̀fù fọ́ orí Joel lójú Ellie, wọ́n wá ní kí n máa fi obìnrin tó pa á ṣeré fún ìdajì géèmù, kí n máa bá a wá ọta ìbọn, kí n máa bá a ṣeré pẹ̀lú ajá. Mo ju mànẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Láti 2021 tó ti jáde ni mo ti ń sọ pé kò sẹ́ni tó máa ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀, wọn ò sì rà á lóòótọ́. Ọmọ Ouando, gba pẹ́ẹ̀mì ẹ, fi "ó dáa" ẹ sọ́kàn, jókòó jẹ́jẹ́.

ỌmọOuando · 10:22 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n

ỌmọOuando · 10:22 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n kí ni mo ṣe fún yín

Títí_Àjàrá · 10:24 alẹ́

Yéè! ÒkèṢábẹ ẹ ò ṣe dáadáa rárá. Ó bẹ̀ yín! Ó wà lókè níbẹ̀, ó kọ ọ́ gbàgàdà!

ÒkèṢábẹ · 10:27 alẹ́

Géèmù tó ti lé lọ́dún márùn-ún, tí wọ́n ti fi hàn lórí télé, kí la tún fẹ́ fi pamọ́ níbẹ̀?

Olùdarí · 10:40 alẹ́

ÒkèṢábẹ, ìkìlọ̀ kìíní. Ẹni tó bá ní ká má sọ, a kì í sọ, ẹ mọ òfin ilé yìí. Mi ò pa ọ̀rọ̀ yín rẹ́ torí ẹni tí ò yẹ kó kà á ti kà á tán.

ỌmọOuando · 10:51 alẹ́

Kò burú. Ẹyin ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo lọ jókòó níta díẹ̀, mo ti padà wọlé. Ẹ kúkú máa sọ gbogbo ẹ̀ wàyí, kí n lè mọ ohun tí mo fẹ́ fi owó mi ṣe. Àmọ́ ẹ dákun, àbúrò mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan, kì í wá síbí. Ẹni tó bá mọ̀ wá ní Ouando nínú yín, ẹ má jẹ́ kó gbọ́ lẹ́nu yín.

Ọ̀jọ̀gbọ́nDísìkì · 11:15 alẹ́

Mo ti fẹ́ sùn, àmọ́ mi ò lè fi àwọn ọjọ́ yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

ÒkèṢábẹ, ọjọ́ 19 oṣù kẹfà 2020 ni apá kejì jáde, kì í ṣe 2021. Pé wọn ò rà á, Sony kéde pé ó ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ tí wọ́n tà láàárín ọjọ́ mẹ́ta péré, ó sì gba géèmù ọdún ní The Game Awards lọ́dún náà. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti kórìíra ẹ̀, àmọ́ ẹ má bá wa ṣe ìṣirò tí ò sí. Ibi tí ẹ ti rí ariwo yẹn wà lóòótọ́: ní oṣù kẹrin 2020, kó tó jáde, àwọn kan ti tú fídíò inú ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ èèyàn ti bínú tán kí wọ́n tó fọwọ́ kan mànẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ń fi ikú halẹ̀ mọ́ Laura Bailey tó ṣe ohùn Abby, obìnrin tó pa Joel. Ohùn lásán o! Bí ìgbà tí èèyàn bá na ẹni tó gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ torí pé orin Èfẹ̀ bú u.

Ọmọ Ouando, orúkọ àwọn nǹkan yìí jọra, wọ́n fi ń ta gbàrọgùdù fún èèyàn, nítorí náà fetí sílẹ̀. Èyí tó o ṣe ni 2013 ti PS3. Wọ́n tún un ṣe fún PS4 ní 2014, òun ni àǹtí Kétu ṣe. Ní 2022 wọ́n tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀ fún PS5, wọ́n pè é ní Part I, kò wọ PS4 o. Ìtàn kan náà ni, ojú wọn ló dán sí i. Èyí tí bọ̀ọ̀dá yẹn fẹ́ tà ní láti jẹ́ Part II ti 2020. Tó bá jẹ́ "Part II Remastered" ti 2024 ló kọ sára páálí, ti PS5 nìyẹn, kò ní ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tó fẹ́ tà fún ẹ.

Dísìkì méjì ni ti PS4. Ọ̀kan lo máa fi kó géèmù náà sínú ẹ̀rọ, ìkejì lo máa fi ṣeré. ṢÍ PÁÁLÍ YẸN WÒ KÓ O TÓ SANWÓ. Tó bá jẹ́ ọ̀kan ló wà níbẹ̀, díńgí lo rà. Ó sì ń fẹ́ ààyè tó ju 70 gígà lọ, tí bọ̀ọ̀dá náà bá ti kó bọ́ọ̀lù oríṣi mẹ́rin sínú ẹ̀, wàá ní láti nu díẹ̀ kúrò.

Ní ti apá kẹta, ọmọ tí wọn ò tíì lóyún ẹ̀ lẹ ń sọ lórúkọ yẹn. Neil Druckmann tó ń darí àwọn tó ṣe é sọ ní 2021 pé àwọn ti kọ ìlànà ìtàn kan sílẹ̀ ṣùgbọ́n àwọn ò tíì máa ṣe é, ní 2024 ó ní èrò kan tún ti wá sóun lọ́kàn, ní 2025 ó tún ní ká má fi ọkàn sí i. Èyí tí wọ́n fẹ́ kí àwọn èèyàn jọ máa ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n fagi lé e ní oṣù kejìlá 2023. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn báyìí ni Intergalactic, ìtàn ojú ọ̀run, kò kan Ellie rárá.

Títí_Àjàrá · 11:38 alẹ́

ÒkèṢábẹ mo ní ìbéèrè kan. Ẹ ní ẹ ju mànẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kẹ́ ẹ máa ṣe Abby. Ṣé ẹ gbé e padà?

ÒkèṢábẹ · 11:41 alẹ́

Mo wo ìyókù lórí YouTube.

Títí_Àjàrá · 11:42 alẹ́

Ẹ ò parí ẹ̀!!!

ÒkèṢábẹ · 11:49 alẹ́

Mo wò ó. Mo rí gbogbo ẹ̀.

Ìdènà_Kétu · 11:55 alẹ́

Ìyẹn ò kà. Ẹni tó wo fídíò iyán kò tíì yó. Gbogbo ohun tí wọ́n ń dán níbẹ̀, ọwọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n fi ń dán an. Ibi tí Ellie àti Abby ti ń jà nínú omi ní ìparí, wọ́n ní kí n máa tẹ bọ́tìnnì, mi ò fẹ́ tẹ̀ ẹ́, mo ń bẹ télé pé kó fi í sílẹ̀. YouTube máa tẹ̀ ẹ́ fún ẹ ni.

BàbáÌbejì229 · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:50 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin ọmọ. Èmi ò mọ mànẹ́ẹ̀tì dì mú o, àwọn ìbejì mi ló ń ṣe é, èmi a máa jókòó lẹ́yìn wọn. Mo sì bá wọn wo ti télé, mẹ́sàn-án ti 2023 àti méje ti 2025.

Nígbà tí a wà ní kékeré lágbo ilé wa ní Àjàṣẹ́, ìyá tó bí bàbá mi ló ń pa àlọ́ fún wa. Lálẹ́ àná wọ́n ti na Ìjàpá kú, ẹ̀yìn ẹ̀ ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Lálẹ́ òní màmá á ní "Ààlọ́ o," a ó ní "Ààlọ̀," ẹ ó gbọ́ pé Ìjàpá ti múra, ó ń lọ sílé àna ẹ̀. Kò sí ọmọ tó béèrè rí pé màmá, báwo ló ṣe jí. Ìwà ẹ̀ là ń bá pàdé lójoojúmọ́, ọ̀ràn àná ti parí sí àná. Ẹ̀yin ayé ìsinsìnyí lẹ fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ so kọ́ra bí ẹran orí igi. Lójú tèmi ìtàn yẹn ò nílò ìkejì, ká má tíì sọ ìkẹta. Ẹni tí ọmọ ẹ̀ kú, tó wá rí ọmọ mìíràn gbé mọ́ra, tó purọ́ nítorí kó má bàa pàdánù ẹ̀. Ó tó. Kí ẹni tó gbọ́ ọ gbé e relé.

Ìgbà tí wọ́n pa ọkùnrin yẹn nínú ti télé, mo dìde lọ mu omi. Taiwo ní "Bàbá, ẹ̀ ń sunkún." Mo ní ata ni.

Ìdènà_Kétu · 8:15 àárọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi ń jiyàn yìí. Ìjàpá ò dàgbà rí. Ellie ń dàgbà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nínú àkọ́kọ́, mọ́kàndínlógún nínú ìkejì. Ọmọ tẹ́ ẹ bá purọ́ fún ní mẹ́rìnlá, tó bá gbọ́n, ó ń bọ̀ wá béèrè. Ẹ ò lè dá a dúró síbi "ó dáa" títí ayé.

Ọmọ Ouando, níwọ̀n ìgbà tó o ti ní ká máa sọ, àbúrò ẹ ló jàre. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn Ellie. Ó padà lọ sí ọsibítù yẹn ní Salt Lake City fúnra ẹ̀, ó rí ohun tó rí, Joel wá bá a níbẹ̀, kò lè purọ́ mọ́. Ọmọ yẹn ò bá a ṣe mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó wá di alẹ́ ọjọ́ kan, ó lọ bá a níwájú ilé, ó ní òun ò rò pé òun lè dárí jì í láé, àmọ́ òun fẹ́ gbìyànjú. Ọjọ́ kejì ni wọ́n pa á. Igi gọ́ọ̀fù kọ́ ló pa mí, ẹ̀yin ará Ṣábẹ. Ọjọ́ kejì yẹn ni.

Èmi tí mo ń gbèjà ìkejì yìí, mi ò fẹ́ ìkẹta o. Ìka méjì ni Ellie pàdánù ní Santa Barbara, kò lè ta jìtá tí Joel kọ́ ọ bó ṣe yẹ mọ́, ó gbé e ti ojú fèrèsé, ó rìn jáde. Ẹni tó bá tún tẹ̀ lé e jáde níbẹ̀, owó ló ń wá.

ÒkèṢábẹ · 9:05 àárọ̀

Lákọ̀ọ́kọ́ ná, ọmọ Ouando, má bínú. Inú ló ń bí mi, mi ò sì wo ohun tó o kọ dáadáa. Mo tọrọ gáfárà.

Ìkejì, èmi FẸ́ ìkẹta. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti ba ilé jẹ́, kí wọ́n wá tún un kọ́. Tí wọn ò bá fẹ́ lọ síwájú, kí wọ́n lọ sẹ́yìn bíi ti géèmù Red Dead Redemption. Ti àkọ́kọ́ jáde ní 2010, a ti rí òpin John Marston, ó ti kú. Nígbà tí wọ́n máa ṣe ìkejì ní 2018, wọ́n padà sí 1899, ọdún méjìlá sẹ́yìn, wọ́n fún wa ní Arthur Morgan tí kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. O mọ̀ pé ẹgbẹ́ olè tó wà nínú ẹ̀ máa tú ká, o mọ̀ pé Dutch olórí wọn máa dà wọ́n, síbẹ̀ o ń lọ bá wọn jẹun nídìí iná lálẹ́. Ìyẹn ni mo ń pè ní kéèyàn fi kún ìtàn, wọn ò fọwọ́ kan òkú ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn tí ọmọ Joel kú, ogún ọdún ni géèmù yẹn fò. Ogún ọdún! Kí ló ṣe? Kí ni òun àti Tommy àbúrò ẹ̀ jọ ṣe tí wọ́n fi pínyà? Èmi máa ta ewúrẹ́ kan torí ẹ̀.

Ìdènà_Kétu · 9:20 àárọ̀

Tommy ti dá ẹ lóhùn nínú apá kìíní, ó ní àlá burúkú nìkan lòun rí mú nínú ọdún wọ̀nyẹn. Mo ti rí gbogbo ẹ̀ nínú gbólóhùn kan yẹn. Tí wọ́n bá wá fi wákàtí ogún hàn mí, á kéré sí ohun tí mo ti rò.

Títí_Àjàrá · 9:58 àárọ̀

Èmi kì í ṣe ọmọ PlayStation, kọ̀ǹpútà ni tèmi. The Walking Dead ti Telltale ni mo ṣe, ti 2012, pẹ̀lú Lee àti Clementine. Ẹni tó bá ṣe é mọ̀ pé òpin ìdá àkọ́kọ́ yẹn, kò sí ohun tó tún yẹ kéèyàn fi kún un. Ọmọ kékeré, ìbọn, àti ẹni tó tọ́ ọ. Mo ní mi ò ní ṣe ìkejì láé. Mo ṣe é. Mo ṣe gbogbo ẹ̀. Clementine dàgbà lójú mi, nígbà tó fi máa di ìgbẹ̀yìn òun náà ti ń tọ́ ọmọ kan, ó ń kọ́ ọ ní ohun tí Lee kọ́ òun. Mo wo ibi tí wọ́n ti mú un bẹ̀rẹ̀, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ìyá ẹ̀ kú.

Àmọ́ ẹ ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Oṣù kẹsàn-án 2018, àárín ìdá ìkẹyìn yẹn gan-an, Telltale, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, tì pa, wọ́n lé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ìtàn dúró sáàárín ọ̀nà. Mo ń jí lálẹ́ mo ń ronú pé ibo ni ọmọ yẹn wà báyìí. Skybound, ilé iṣẹ́ mìíràn, ló wá gbà á ṣe parí lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Látìgbà yẹn tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ṣé ìtàn nílò ìkejì, mo máa ń ní ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé ṣé owó ẹ̀ máa tó parí ẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́nDísìkì · 10:10 àárọ̀

Ohun tó yé mi nínú gbogbo èyí ni pé ẹni tó fẹ́ràn ìkejì ò fẹ́ ìkẹta, ẹni tó kórìíra ìkejì ló ń bẹ̀bẹ̀ fún ìkẹta. Mo lọ sọ́jà.

FofoSálà · 2:17 ọ̀sán

Mo gba ọ̀rọ̀ àná padà díẹ̀. Mo ní kò sẹ́ni tó ń sanwó fún ìtàn, mo gbàgbé ẹnì kan.

Ọmọkùnrin kan wà tó ń tún mọ́tò àwọn zẹ́mìjáàn, àwọn ọlọ́kadà, ṣe nítòsí wa. Tí mo bá fẹ́ ti sálà lálẹ́ ló máa ń wọlé, epo lọ́wọ́, á fọ ọwọ́ ẹ̀ dáadáa kó tó fọwọ́ kan mànẹ́ẹ̀tì, á san ti wákàtí méjì. Red Dead tí ará Ṣábẹ sọ yẹn ló ń ṣe, kì í yìnbọn fẹ́nì kankan àfi tí ìtàn bá fi dandan mú un, ó ń gun ẹṣin kiri, ó ń wẹ ẹṣin, ó ń pẹja. Tí ìtàn bá ti ń sún mọ́ òpin, tí Arthur bá ti ń wúkọ́ burúkú, á pa á, á ní "Fofo, ẹ bá mi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀." Ìgbà kẹrin rèé. Ẹnì kan ti sọ bó ṣe parí fún un. Mo ní ṣé o ò fẹ́ rí òpin ẹ̀ fúnra ẹ? Ó ní òun máa rí i, kì í ṣe lóṣù yìí.

Mi ò mọ èyí tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ yín níbẹ̀. Ó kàn wá sí mi lọ́kàn ni. Mànẹ́ẹ̀tì mélòó?

ỌmọOuando · Ọjọ́ Àìkú, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Méjì, fofo. Mo ti rà á. Ẹgbẹ̀rún 80 ló gbà níkẹyìn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ṣí páálí yẹn lójú ẹ̀, dísìkì kan ló wà níbẹ̀! Bọ̀ọ̀dá ní "Há, ìkejì wà lọ́dọ̀ àfẹ́sọ́nà mi ní Pobè." Mo ní kò sówó títí màá fi rí ìkejì. Mo gun mọ́tò àkúfọ́ kan dé Pobè, obìnrin náà ń fi dísìkì yẹn ṣe ìdérí ife. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń kó ara ẹ̀ sínú ẹ̀rọ lọ́wọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n rà á kì í ṣe orin tuntun àǹtí Kétu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wọ̀ mí lára, kì í sì í ṣe bọ́ọ̀lù. Nígbà tí mo sọ fún àbúrò mi pé ìkejì wà, ó ní "Joel àti Ellie ni, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Inú ẹ̀ dùn, ó ti ra ẹ̀pà sílẹ̀.

Títí_Àjàrá · 5:52 ìrọ̀lẹ́

O ò ní sọ fún un?

ÒkèṢábẹ · 6:10 ìrọ̀lẹ́

Sọ fún un o. Èmi ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀. Tàbí kó o sọ pé ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ò dára, kẹ́ ẹ fò ó.

Ìdènà_Kétu · 6:13 ìrọ̀lẹ́

Kò ṣeé fò. Má sọ nǹkan kan. Jókòó tì í.

ỌmọOuando · 9:35 alẹ́

Òun ló di mànẹ́ẹ̀tì mú. Ó ti ń gun ẹṣin nínú yìnyín, òun àti Dina ọ̀rẹ́ Ellie, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo nǹkan. Mo ní mo fẹ́ lọ wo kànga. Ìta ni mo wà.

ỌmọOuando · 10:04 alẹ́

Mo gbọ́ ọ. Kò pariwo. Ẹ̀pà ló dà sílẹ̀.

ỌmọOuando · 10:31 alẹ́

Ó jáde wá bá mi. Ó jókòó lórí pẹpẹ, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní ṣé mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni.

Mo ní rárá.

Ó ní kí n búra. Mo búra.

Ó wò mí lójú, ó ní "Ó dáa," ó dìde, ó padà wọlé lọ ṣe é.